Ìdákọ̀ró wa ń wọ́ lóru, bátìrì sì ń kú kílẹ̀ tó mọ́: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ọkọ mi ń fi ọkọ̀ onígbòkun kékeré, ẹsẹ̀ bàtà 27, rin etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Gosport lọ sí Falmouth. Ní Studland, ibi ìdúró ọkọ̀ kan nítòsí Poole, afẹ́fẹ́ yí, ó ń ti ìlà-oòrùn wá ní aago méjì òru, ìdákọ̀ró sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tẹ̀ lé wa. CQR, irú ìdákọ̀ró àtijọ́ kan, tó bá ọkọ̀ wá ni, kílò 7, ṣéènì mítà 5, ìyókù jẹ́ okùn. Ẹ̀rọ tó ń wọn omi ka mítà 3, a sì tú mítà 15 sílẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, bátìrì wa kan ṣoṣo (85 Ah, ìyẹn áńpíà-wákàtí, ìwọ̀n iná tó lè gbà) ti kú, iná orí òpó tí à ń tàn lóru kí ọkọ̀ mìíràn lè rí wa náà sì ti kú. Ọkọ mi ní ìdákọ̀ró ńlá la máa rà. Èmi ní iná orí òpó ló ń jẹ bátìrì. Ta ló jàre?

Ará Plymouth:
Ẹ kú ewu òru, mà. Ọkọ yín jàre díẹ̀, ṣùgbọ́n okùn ló kọ́kọ́ kéré. Mítà 3 tí ẹ kà, ẹ fi mítà 1.5 kún un nítorí pé omi ṣì ń bọ̀ wá kún, ẹ tún fi gíga imú ọkọ̀ sí ojú omi kún un, mítà kan. Ó di 5.5. Tó bá jẹ́ pé okùn ló pọ̀ jù, ìlọ́po méje rẹ̀ lẹ máa tú sílẹ̀: mítà 38. Tó bá jẹ́ ṣéènì pátápátá, ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún tó: mítà 22 sí 28. Mítà 15 yín kò pé ìlọ́po mẹ́ta. Nígbà tí omi kún, okùn nà tantan, ó ń gbé ọ̀pá ìdákọ̀ró sókè, ẹnu rẹ̀ sì yọ nínú ilẹ̀. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ẹ̀rọ yín ti ń ka omi. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, omi tó wà níbẹ̀ ju mítà 3 lọ.

Koríko òkun tún wà ní Studland. CQR máa ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti mú. Ibẹ̀ ti wà lábẹ́ ààbò láti 2019, ẹṣin òkun, ẹja kékeré tí orí rẹ̀ jọ ti ẹṣin, sì wà lára ohun tí wọ́n ń dáàbò bò. Ẹ wá ojú iyanrìn. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ: Studland kọjú sí ìlà-oòrùn gbayawu. Tí wọ́n bá ti sọ pé afẹ́fẹ́ máa ti ibẹ̀ wá, Poole ni kí ẹ wọ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Fún ọkọ̀ yín, kílò 10 irú tuntun bíi Rocna, pẹ̀lú ṣéènì 8 mm, mítà 30. Ṣéènì yẹn nìkan tó kílò 42, imú ọkọ̀ á mọ̀ ọ́n lára.

Afọkọ̀ṣelé:
Òótọ́ ni, àmọ́ kílò 20 tí wọn ò gbìn dáadáa yóò wọ́. Ẹ kọ imú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, ẹ dúró títí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn, ìgbà yẹn ni kí ẹ sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀. Ẹ má da ṣéènì lé e lórí gègèrè. Ẹ máa tú u bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Tó bá tán, ẹ fi ẹ́ńjìnnì fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí dé 2,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ gbé ọwọ́ lé ṣéènì. Tó bá ń gbọ̀n gìrì-gìrì bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí òkúta, ó ń wọ́ ni. Tó bá le gan-an láìmì, ó ti mú.

Tí ẹ bá máa lo aago ìkìlọ̀ inú fóònù, èyí tó ń dún tí ọkọ̀ bá ti sún kúrò, ibi tí ìdákọ̀ró ti bọ́ sómi ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ wá dúró sí. Bí ọkọ̀ ṣe lè jìnnà tó kí aago tó dún: gígùn okùn, ẹ fi gígùn ọkọ̀ kún un, ẹ fi mítà 10 lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ bára yín sọ̀rọ̀ láti imú ọkọ̀ sí ìdí ọkọ̀. Gbogbo èbúté ló ń gbọ́ ìjà tọkọtaya lórí ìdákọ̀ró.

Oníná ọkọ̀:
Mà, iná orí òpó kọ́ ni olè. Gílóòbù àtijọ́ wáàtì 10 ń jẹ 0.8 A (áńpíà); wákàtí mẹ́sàn-án, kò tó 8 Ah. Ẹ fi LED sí i náà, kò wọ́n. Tí ẹ bá ní fìríìjì, òun ni kí ẹ bi léèrè: 4 A nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, tó bá sì ń ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́, 48 Ah nìyẹn. Bátìrì onílẹ́ẹ̀dì 85 Ah, ìdajì péré lẹ lè lò láìpa á lára: 42. Fìríìjì nìkan ti jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó tan fìtílà kan.

Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ dúró wákàtí kan, ẹ wọ̀n ọ́n: 12.7 fóòtì, ó kún; 12.2, ó ku ìdajì. Ẹ ra èkejì tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ra méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà tí ti àkọ́kọ́ bá ti gbó. Sólà wáàtì 100 lè dá bíi 30 Ah padà lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ pa fìríìjì lóru, kí ẹ ki ìgò omi dídì méjì sí i. Bátìrì tó ń ta ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dá dúró.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín mi báyìí. Ó ku méjì: òrùlé yàrá ń kán lé wa lórí láàárọ̀, àti Portland Bill, ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú òkun lójú ọ̀nà wa, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ará Weymouth:
Gáàsì yín ló ń kán. Kílò butane kan tó bá jó tán ń bí omi lítà kan àbọ̀, èémí ẹni méjì lóru kún un. Ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ níwájú àti lẹ́yìn, òtútù tàbí kí ni. Ẹ gbé fóòmù ibùsùn kúrò lára pákó.

Ní ti Bill, ìṣàn omi ibẹ̀ lè ju nọ́ọ̀tì 7 (máìlì òkun 7 ní wákàtí kan) lọ. Ọkọ̀ tó ń sáré 5 á máa lọ sẹ́yìn ni. Ọ̀nà méjì ló wà. Ti etí àpáta, bíi mítà 300 sí i, ojúmọmọ nìkan, nígbà tí omi bá dáwọ́ dúró, kí ẹ sì la ojú yín nítorí okùn ìgèrè akàn, torí ó ń wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì. Tàbí kí ẹ gba máìlì márùn-ún sí òkun kọjá. Láti Bill sí èbúté Dartmouth tó máìlì 40, wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán. Tí afẹ́fẹ́ bá ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá ju agbára 4 lọ lórí òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ Beaufort, ẹ jókòó sí Weymouth.