Ta ni wọ́n ti pè fún àyẹ̀wò ara nígbà tí kò ṣàìsàn?

Ọmọ Ìsánlú
Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Màmá mi ti pé ọdún 65. Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n, ni nọ́ọ̀sì bá ní òun fẹ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kí òun sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, nítorí pé ọjọ́ orí wọn ti tó bẹ́ẹ̀. Màmá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní orúnkún ni àwọn bá wá. Báwo ni ẹ ṣe bá àgbà tiyín sọ ọ́ tí wọ́n fi gbà?

Ìyá Ìbejì, Kàbà
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá àwọn ọmọ mi kọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá àìsàn lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá sílé lẹ́yìn ìsìn; ó kọ́kọ́ wọn tèmi, ó wọn ti àwọn ọmọ, kí ó tó kan bàbá. 164 lórí 98 ló bá lára ọkùnrin tó ru iṣu ti oko dé lánàá ọjọ́ náà. Kò fún wọn lóògùn. Ó padà wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó mú wọn lọ bá dókítà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ó ṣe é bó ti yẹ. Bí ó bá ń tó 140 lórí 90 ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn, bí orí kò tilẹ̀ fọ́ ọ.

Ará Ìyàrá l'Amẹ́ríkà
Níbí, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Medicare Part B, ètò adójútòfò ìlera ìjọba fún àwọn àgbà, ní ẹ̀tọ́ sí ìbẹ̀wò kan láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́. Mo rò pé wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló pọ̀ jù: ṣé mo ti ṣubú rí, ṣé ọkàn mi máa ń rẹ̀wẹ̀sì. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìkejì yẹn rí láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú.

Bàbá Gbẹ̀dẹ̀
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Síbẹ̀, n kò gbà pé ìbéèrè jẹ́ àyẹ̀wò.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀
Bàbá, ìbéèrè kan ì bá gba ojú bàbá mi là. Wọ́n ń kọlu férémù ilẹ̀kùn, a ní ogbó ni. Glaucoma, àìsàn ojú kan, ni; kò dùn wọ́n rárá, ìríran ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ ń jẹ. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú báyìí kàn ń dá èyí tó kù dúró ni. Èyí tó ti lọ kò padà mọ́.

Ìyá Ìbejì, Kàbà
Bàbá tèmi gan-an nìyẹn. Ilẹ̀kùn kan náà.

Bàbá Gbẹ̀dẹ̀
Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tó pé 65? Ìyá mi kò ní ìwé ọjọ́ ìbí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹni tó bá rántí òmìnira ọdún 1960 ti kọjá 65, sà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́.

Ọmọ Ìsánlú
Màmá ti gbà, bí wọ́n bá lè kọ́kọ́ wọn tèmi. Ọ̀la la ń lọ. Ṣé kí wọ́n jẹun?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Rárá, kí wọ́n gbààwẹ̀ fún wákàtí 8, ó kéré tán. Omi lásán kò burú.