Ọmọ mi ọdún 15 ò lókun nínú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin màmá àti dádì wa. Ṣágámù ni mò ń gbé, gàrí ni mò ń tà, ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Òòyì máa ń kọ́ ọmọ mi obìnrin, nǹkan oṣù ẹ̀ máa ń pọ̀ gan-an, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó. Ẹgbẹ́ ẹ̀ lọmọ ẹ̀gbọ́n mi n'Íjẹ̀bú-Òde, tiẹ̀ le koko. Tíṣà lẹ̀gbọ́n mi, òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé tíì tá a fi ń ti oúnjẹ lẹ́sẹ̀ kì í jẹ́ kí ayọ́ọ̀nù (èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ wọra dáadáa, pé ọsàn ló yẹ kó fi tẹ̀ lé e. Ha, ta ló sọ fún mi rí? Èmi rò pé àìlówó nìkan ni, gàrí láàárọ̀ gàrí lálẹ́ (ti Ìjẹ̀bú náà ni o, kíkan dáadáa).

Ẹ jọ̀ọ́, ẹran ti wọ́n jù, ṣé ẹja wẹẹrẹ lè dípò ẹ̀? Ṣé kí n kàn ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní kẹ́míìsì àbí ká padà sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà? Ojú ń tì í láti sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù níbẹ̀, báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?