Ọmọ wo ló yí ọwọ́ ìkọ́ni yín padà? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Àǹtí Pírámárì Fọ́ọ̀ (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹfun pátákó ṣì wà lára aṣọ yín, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi tipẹ́, mo fẹ́ sọ ọ́, kí ẹ̀yin náà sì wá sọ tiyín.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ sí sẹ́mínà kan. Ẹni tó dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta ni ọmọ pín sí: ọmọ ojú, ohun tó bá rí ló ń yé e, ọmọ etí, ohun tó bá gbọ́ ni, ọmọ ọwọ́, àfi kó fọwọ́ kan nǹkan. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo gé páálí bísíkíìtì, mo kọ OJÚ, ETÍ, ỌWỌ́ sí i, mo fi pínnì kọ́ ọ sáyà gbogbo àwọn ọmọ 43 tí mo ní. Báwo ni mo ṣe mọ ẹni tó jẹ́ kí ni? Mo kàn wò wọ́n lójú ni. Ẹni tó bá ń yàwòrán sẹ́yìn ìwé, OJÚ. Ẹni tó bá ń pariwo, ETÍ. Àwọn tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, ỌWỌ́. Hẹ́dímásítà wa tiẹ̀ yìn mí níwájú gbogbo ilé ìwé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kí ọmọkùnrin kan dìde kó kàwé fún wa. Ó dìde lóòótọ́, ó fọwọ́ kan páálí àyà rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, èmi kì í ṣe OJÚ o. ỌWỌ́ ni mí." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo délé, tí mo ń ṣa ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa, èmi fúnra mi ni mo fún un láṣẹ pé kó má kà á. Lọ́jọ́ kejì mo já gbogbo páálí náà, mo fi dáná.

Gàrí ló wá là mí lójú. Iṣẹ́ ìdá la ń ṣe. Mo kọ 1/3 àti 1/4 sójú pátákó, mo ní èwo ló tóbi jù. Ariwo ta: "Ìdámẹ́rin!" Ṣebí mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Mo ya òbírí, mo pín in, mo fi ẹfun aláwọ̀ kùn ún. Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Mo tún béèrè, wọ́n tún ní ìdámẹ́rin. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń ta gàrí lọ́jà Jagun, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tí mo ti rò pé kò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì mo gbé gàrí kóńgò kan wá pẹ̀lú abọ́ mẹ́rin, mo ní kó wá pín in fún èèyàn mẹ́ta. Ẹ wo bó ṣe ká apá aṣọ! Ó ń bù ú, ó ń tẹ orí bá wo àwọn abọ́ náà bóyá wọ́n dọ́gba, ó mú díẹ̀ nínú èyí sínú tọ̀hún. Mo ní kó kó o jọ, kó tún un pín fún mẹ́rin. Kò tíì pín in tán tó fi gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, tí èèyàn bá ti pọ̀, tẹnì kọ̀ọ̀kan á kéré ni." Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu.

Kì í ṣe àwọn tí mo kọ ỌWỌ́ sí láyà nìkan ló yé o. Gbogbo wọn ni. Lẹ́yìn gàrí la tó yàwòrán rẹ̀, lẹ́yìn àwòrán la tó kọ nọ́ńbà. Látìgbà yẹn, iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ wọn ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo irú ọmọ tí wọ́n jẹ́. Kí ni ìdá? Nǹkan tí wọ́n ń pín ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pín nǹkan. Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá Ọlọ́pọ́n (Ọ̀yọ́):

Àǹtí, ẹ ṣeun. Ọpọ́n ayò lèmi gbé wọ kíláàsì. Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tó ń sá fún táìmù tébù ló ń ka mẹ́rin, mẹ́jọ, méjìlá bí ẹni ń kọrin. Bàbá ọmọ kan wá bá mi pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni mo ń kọ́ ọmọ òun. Mo ní kó jókòó ká ta ẹyọ kan. Mo jẹ ẹ́! Kò padà wá mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà míì, ohun tí a ń pè ní irú ọmọ yìí, èdè lásán ni. Ọmọ kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti ní "fifty minus five", ojú rẹ̀ á ti kú. Mo wá bi í pé, "Márùndínláàádọ́ta, báwo la ṣe rí i?" Ó ní, "Àádọ́ta ni, wọ́n yọ márùn-ún kúrò." Ìyọkúrò tó ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí, inú ẹnu rẹ̀ ló wà. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan n'Ífẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ láti pírámárì kìíní dé ìkẹfà, Gẹ̀ẹ́sì wá di iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún o, a ṣì ń na ọmọ torí ó sọ "vernacular".

Ìyá Ìbejì (Ògbómọ̀ṣọ́):

Èmi kì í ṣe tíṣà, ìyá ọmọ ni mí, ẹ má bínú. Tíṣà kan sọ fún mi pé Kẹ́hìndé mi jẹ́ ọmọ etí. Ó ní kì í kọ nóòtù, ṣùgbọ́n téèyàn bá bi í léèrè, á dáhùn. Wọ́n wá fi í sílẹ̀ sẹ́yìn kíláàsì kó máa gbọ́. Ọdún kan gbáko! Mo rán an níṣẹ́ kó bá mi ṣa ìrẹsì lálẹ́ ọjọ́ kan, òkúta tó fi sínú rẹ̀ tó kọ́lé. Mo fẹ́ bú u. Táyé ló sọ pé, "Màmá, ṣebí kì í rí nǹkan." Nígbà tí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, kò rí ju lẹ́tà tó tóbi jù lọ lókè páálí náà. Wọ́n fún un ní gíláàsì. Nígbà tí a jáde síta, ó dúró, ó ń wo igi máńgòrò, ó ní, "Màmá, ewé rẹ̀ yàtọ̀ síra wọn!"

Ẹ̀yin tíṣà, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ọmọ síwájú ná kí ẹ tó fún un lórúkọ.

Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Àkànṣe (Ọ̀yọ́):

Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́kún. Èmi kàwé níbí l'Ọ̀yọ́, nílé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà ara. Nígbà TP, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ń rán wa lọ dánra wò nínú iṣẹ́ ìkọ́ni, wọ́n gbé mi lọ sí kíláàsì kan tí ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran wà láàárín àwọn tó ríran. Mo dúró síwájú pátákó, mo ń ṣe bí ọ̀gá: "Ẹ mú èyí, ẹ fi kún èyí, ó di èyí." Ọmọ náà nawọ́ sókè, ó ní, "Bùọ̀dá, èyí wo?"

Òógùn bò mí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lódidi: mú méje, fi márùn-ún kún un, kọ méjì sílẹ̀, gbé kan lọ sí ìlà ẹ̀wá. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo rí àwọn tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tí ìmọ́lẹ̀ òòrùn kì í jẹ́ kí wọ́n rí pátákó, tí wọ́n ń mi orí. Ọmọ kan béèrè "èyí wo", 30 èèyàn ló jàǹfààní.

Òun náà ló kọ́ mi ní sùúrù. Kókó kéékèèké mẹ́fà péré ni gbogbo lẹ́tà Braille, ìkọ̀wé tí àwọn tí kò ríran ń fi ìka kà, ti ń jáde. Àwọn tó ń fi ọwọ́ gún un sórí bébà, láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń gún un, torí tí wọ́n bá yí bébà náà padà, àtòsì sọ́tùn-ún ni ìka á kà á. Mo gbìyànjú láti gún orúkọ ara mi. Ọmọ náà fìka tọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní mo ti pe ara mi ní nǹkan mìíràn.

Ọmọ Àyàn (Ọ̀yọ́):

Yorùbá lèmi ń kọ́ àwọn JSS. Àmì ohùn, ìyẹn ni gbogbo wọn ń sá fún. Ọmọ kan nínú wọn, àgbà nínú ìlù ni, ilé wọn ò jìnnà sí ọjà Àkẹ̀sán, ṣùgbọ́n tó bá di ká fàmì sórí ọ̀rọ̀, odo ló ń gbà. Mo ní kó gbé gángan rẹ̀ wá. Mo ní, "Fi lù ú: ọkọ ìyàwó." Re re. "Ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko." Re mí. "Ọkọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn." Re dò. "Ọ̀kọ̀ ọdẹ." Dò dò. Kò ṣì ẹyọ kan. Mo ní, "Ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe sí awọ yẹn, kọ ọ́ sókè fáwẹ́ẹ̀lì." Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ti ń tàn jẹ láti ọjọ́ yìí.

Tíṣà Ọlọ́mọ 68 (ìgbèríko Ògbómọ̀ṣọ́):

Mo ti ka gbogbo yín. Ó dára. Ta ló ń sanwó gàrí? Ọmọ 68 ló wà ní kíláàsì mi, bẹ́ǹṣì ò kárí, àwọn kan ń jókòó sílẹ̀. Ẹ ní kí n wo irú iṣẹ́, kí n wo irú ọmọ, kí n wo ojú, kí n gbé ìlù. Orúkọ wọn ni mo ṣì ń kọ́ sórí.

Tíṣà Àgbà (mo ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀yọ́):

Ọmọ mi, má bínú sí wọn. Ẹrù ojú, etí, ọwọ́ yẹn tiẹ̀ ti fúyẹ́ lórí rẹ. Ní 2008, Harold Pashler àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn ní Amẹ́ríkà yẹ gbogbo ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ wò. Pé ọmọ máa ń sọ ọ̀nà tó wù ú láti fi kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pé tí a bá kọ́ ọ ní ọ̀nà yẹn nìkan ni yóò fi mọ̀ ọ́n jù, wọn ò rí ẹ̀rí tó dúró. Nítorí náà, má pín 68 sí mẹ́ta. Kọ́ gbogbo wọn ní nǹkan kan náà ní ọ̀nà méjì. Òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ ní àgbàlá ilé ìwé, wọn kì í tà á.

Àǹtí Pírámárì Fọ́ọ̀:

Ẹ ṣeun, bàbá. Tíṣà Ọlọ́mọ 68, ẹ pè wọ́n ní mẹ́jọ-mẹ́jọ bí àwọn yòókù bá ń kọ iṣẹ́. Èmi náà kì í lo gàrí lójoojúmọ́ o, ọkọ mi á lé mi jáde.

Tíṣà Ọlọ́mọ 68:

Mo ti padà dé. Òjò rọ̀, gbogbo òkúta wà nínú ẹrẹ̀, mo bá ra ẹ̀pà. Mo ka 60 sínú abọ́ fún àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, mo yíjú sẹ́yìn láti la ìjà. Nígbà tí mo máa fi padà dé ọ̀dọ̀ wọn, 45 ló kù, ẹnu ń lọ. Mo ti gbé pàṣán. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní, "Tíṣà, ìdámẹ́rin péré la jẹ."