Òṣìṣẹ́, ẹrú, tàbí àsọdẹrú: lórí títa oko ìrèké ní Kúbà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Gbólóhùn ìtumọ̀ tí ẹ gbé síwájú wa láti yẹ̀ wò, «Wọ́n ta oko ìrèké náà tòun ti àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀», ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bà á jẹ́. Òṣìṣẹ́ ní owó ọ̀yà, ó sì lè fiṣẹ́ sílẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá gbà á mọ́. Ní Kúbà, nígbà tí Sípéènì ń ṣàkóso ibẹ̀, bí ẹnìkan bá fẹ́ ra oko ìrèké, inú ìwé kan náà ni wọ́n ti ń ka ilẹ̀, màlúù, ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi ìrèké, àti ènìyàn. Dotación ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn náà lápapọ̀. Orúkọ ìsàmì ni yóò ṣáájú, ẹ̀yà yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọjọ́ orí àti iye owó. Lucumí, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, ni wọ́n ń kọ mọ́ orúkọ àwọn tiwa. Carlota, obìnrin tó wà lára àwọn aṣáájú ọ̀tẹ̀ oko Triunvirato ní Matanzas lóṣù Kọkànlá ọdún 1843, Carlota Lucumí la mọ̀ ọ́n sí títí dòní. Ẹni tó ní oríkì ní ilé baba rẹ̀ wá di ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ọjà.

Ìwọ̀fà tí ẹlòmíràn dábàá dípò òṣìṣẹ́ tún jìnnà ju èyí lọ, nítorí gbèsè ni ìwọ̀fà ń sìn, a kì í sì í tà á.

Ní ti ọ̀rọ̀ náà «ẹrú», n kò ní kí a pa á tì. Ojoojúmọ́ là ń sọ pé wọ́n kó ènìyàn lọ sí oko ẹrú, a sì ti gbàgbé pé oko gidi ni oko náà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹrú lásán kò fi ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi náà hàn, bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti sọ pé bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ. Àkólẹ́rú, ìyẹn ẹni tí a kó lẹ́rú, ni mo kọ́kọ́ fara mọ́, kí n tó rántí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú oko náà: ẹnikẹ́ni kò kó wọn láti ibì kankan, òfin tó de ìyá wọn ló de àwọn náà. Àsọdẹrú, ìyẹn ẹni tí a sọ di ẹrú, ló gba tọmọ tìyá.

Ẹnìkan yóò ní sísọ lásán ni etí yóò gbọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu òfin lágbára níbẹ̀. Lọ́dún 1880, Sípéènì kéde pé ẹrú ti tán ní Kúbà, wọ́n sì pe àwọn ènìyàn náà ní patrocinado, ìyẹn ẹni tí a ń dáàbò bò. Ìrèké kan náà ni wọ́n ṣì ń gé fún olówó wọn àná, títí di ọdún 1886. Bí a bá kọ òṣìṣẹ́ sínú ìtumọ̀ wa, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ la tún ń dà bò wọ́n.

Àbá mi nìyí: «Wọ́n ta oko ìrèké náà, wọ́n sì ta àwọn àsọdẹrú tó wà níbẹ̀ mọ́ ọn.» Mo mọ̀ọ́mọ̀ tún «ta» pè lẹ́ẹ̀kejì, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má yọ ọ́.