Fáìlì accreditation (ìfọwọ́sí ètò ẹ̀kọ́) kún, èsì ìdánwò ò jáde: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Alámòójútó_Ọ̀yọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀ka kan nílé ẹ̀kọ́ gíga níhìn-ín l'Ọ́yọ̀ọ́ lọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, bá ti ń bọ̀, ẹ̀ka náà á kun ògiri, wọ́n á to fáìlì. NUC lọ tán, ó parí nìyẹn. Sáà tuntun á dé ìdajì kí èsì ti àtẹ̀yìnwá tó jáde. Àwọn aláṣẹ wá ní kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ISO 9001, ìlànà àgbáyé fún ìṣàkóso iṣẹ́ tó dára. Ṣé ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá_Ìdánwò
Rárá o. Ìwé ẹ̀rí ló ń gbẹ̀yìn. Bó bá tiẹ̀ máa débẹ̀, ISO 21001 tó kọ́kọ́ jáde ní 2018 ni wọ́n dìídì ṣe fún ilé ẹ̀kọ́.

Èsì ìdánwò nìkan ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Kí wọ́n ṣí Excel, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kí wọ́n máa kọ ọjọ́ sí i: ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ tí olùkọ́ gba ìwé ìdáhùn, ọjọ́ tó dá máàkì padà, ọjọ́ ìpàdé ẹ̀ka, ti fákọ́tì, ti Sẹ́nétì ilé ẹ̀kọ́. Sáà kan tó láti rí ibi tó ti ń há.

Olùkọ́ ni gbogbo èèyàn á dá lẹ́bi. Ó lè jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ máàkì tí kò lólúwa ló sábà máa ń fa wàhálà: ẹni tó ń tún kọ́ọ̀sì ṣe tí kò forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà mátíríìkì tí wọ́n ṣì kọ, máàkì CA (iṣẹ́ àti ìdánwò kékeré inú sáà) tó sọnù kó tó bá ti ìdánwò pàdé. Nítorí ẹni mẹ́ta, fákọ́tì á dá gbogbo ìwé náà padà. Kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pa ṣáájú ìdánwò, kí wọ́n tẹ orúkọ jáde, kó jẹ́ pé ìwé yẹn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ máa buwọ́ lù nínú gbọ̀ngàn. Kí wọ́n lẹ CA sára pátákó kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà nìkan, láìsí orúkọ. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ á tètè ké.

Baba_Fáìlì
Òótọ́ lọ̀rọ̀ màmá. Àmọ́ ẹni tó ń gbára lé ọ̀dà ògiri kò mọ bí NUC ṣe ń pín máàkì: olùkọ́ 32, ilé àti irinṣẹ́ 25, ètò ẹ̀kọ́ 23, ilé ìkàwé 12, owó 5, èrò àwọn agbanisíṣẹ́ 3. Ìfọwọ́sí kíkún ọlọ́dún márùn-ún ń fẹ́ ìdá 70 lápapọ̀, ó sì tún ń fẹ́ ìdá 70 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́. Bí ilé ìkàwé bá gba 8 nínú 12, ìdá 70 kò pé. Ìyókù ì báà dára tó báwo, ìfọwọ́sí ọlọ́dún méjì ni. Ọdọọdún ni kí wọ́n máa kún fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n ara ẹni, kí ẹni tó wá láti ẹ̀ka mìíràn sì fún wọn ní máàkì. HOD (olórí ẹ̀ka) kọ́.

Alámòójútó_Ọ̀yọ́
Ẹ ṣeun gan-an. Fọ́ọ̀mù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sọ̀rọ̀ olùkọ́ ńkọ́? 5, máàkì tó ga jù, ni wọ́n ń fún gbogbo èèyàn.

Ìyá_Ìdánwò
Ta ló ń pín in? Bó bá jẹ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀, ta ni yóò kọ 2? Kí ẹlòmíràn pín in ní bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá, láìsí nọ́ńbà mátíríìkì lórí rẹ̀. Dípò "Ṣé olùkọ́ yìí dára?", kí wọ́n bi í pé: "Ìgbà mélòó ni kíláàsì wáyé? Ṣé wọ́n dá ìwé CA padà?" Ìbéèrè márùn-ún ti tó. Bí ẹ bá gbé ogójì síwájú wọn, 5 náà ni wọ́n á máa fà lọ títí dé ìsàlẹ̀.