Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ìdánwò JAMB
Ẹ̀yin ará, mo béèrè láìpẹ́ yìí bí àbúrò mi, tí àkókò máa ń tán mọ́ lọ́wọ́, yóò ṣe dáhùn ìbéèrè 180 láàárín wákàtí 2. Ó ti ṣe ìdánwò náà, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ní ìbéèrè 60, ni ó kọ́kọ́ ṣe, kí ó tó bọ́ sí ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù tí wọ́n ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ jù, tí èmi kò tilẹ̀ kà sí, ni pé ó ti fi àwọn lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà, dánra wò: A dé D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tí ó kàn, P fún èyí tí ó ṣáájú. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè mi ti rí ìdáhùn.