Fèrèsé ilé àtijọ́ ní Bódìjà: ṣé irin, alumíníọ̀mù, igi tàbí ike?

Onílé_Bódìjà:
Mo kí gbogbo ilé o. Ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ní Bódìjà àtijọ́, ní Ìbàdàn, la fẹ́ tún ṣe. Ó wà lára àwọn ilé tí iléeṣẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé gbígbé kọ́ sí àdúgbò náà, lẹ́yìn tí wọ́n dá iléeṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀ ní ọdún 1958. Fèrèsé pálọ̀ jẹ́ ti irin tí à ń ṣí síta, pọ́tì ni wọ́n fi di dígí wọn mú. Ti àwọn yàrá jẹ́ lúfà, ọ̀pọ̀ nínú awẹ́ dígí wọn ló sì ti ń yẹ̀ nínú ohun tó gbá wọn mú. Irin pálọ̀ ti dógùn-ún débi pé plásítà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán. Oníṣẹ́ alumíníọ̀mù tó wá wo ilé ní kí a yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí a sì fi èyí tí à ń fà sọ́tùn-ún sósì rọ́pò wọn. Àbúrò mi tó wà nílùú Ọba sì ní ike uPVC ni kí a lò, nítorí pé òun ni tajá tẹran ń lò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ni ẹ rí sí i?

Ayàwòrán_Ilé:
Ẹ kú iṣẹ́ àtúnṣe o. Kí ẹ tó ronú lórí ohun èlò, ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí fèrèsé náà ń ṣe. Àwọn tó ya àwòrán ilé láyé ìgbà yẹn kò fi ọkàn sí ẹ̀rọ amúlétutù. Atẹ́gùn ni wọ́n gbójú lé. Èrò yìí kan náà ni Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé láti ìlú Ọba, fi ya àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n fi rí i pé atẹ́gùn tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kan wọ yàrá lè gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Fèrèsé tí à ń fà sọ́tùn-ún sósì kì í ṣí ju ìdajì lọ, nítorí pé ẹ̀yìn ìdajì kejì ni dígí náà ń lọ. Bí ẹ bá fi í rọ́pò lúfà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán pátá, ẹ ti dín ọ̀nà atẹ́gùn kù ní ìdajì nìyẹn, ẹ ó sì máa fi owó iná mànàmáná lé ooru tí ẹ fúnra yín pè wọlé.

Lúfà ní àléébù tirẹ̀, n kò ní parọ́. Ekuru ọyẹ́ ń gba àárín awẹ́ rẹ̀ wọlé, olè lè yọ awẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan láìfọ́ ohunkóhun, yàrá tí ẹ bá sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sí kò ní tutù bọ̀rọ̀. Àmọ́ bí òjò bá ń rọ̀ láìsí ìjì, ẹ lè dẹ awẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí omi máa ṣàn síta, kí atẹ́gùn sì máa wọlé.

Ní ti ike, òtútù ni àwọn ará ìlú Ọba ń bá jà. Ike kì í jẹ́ kí ooru inú ilé tètè bọ́ síta bí alumíníọ̀mù ti máa ń ṣe. Nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni férémù fẹ́ dí lọ́nà? Oòrùn sì máa ń mú ike gùn ju irin lọ: bí férémù tó gùn ní mítà 1.5 bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 30 gbóná sí i, ike lè fi nǹkan bíi milimítà 3 gùn sí i, alumíníọ̀mù á fi bíi 1, irin kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yan ike gbọ́dọ̀ rí i pé irin wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ọ̀ṣun:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ irin yẹn. Ẹ mú ọ̀bẹ tó nípọn, kí ẹ fi gún ìsàlẹ̀ férémù, níbi tí omi máa ń dúró sí. Bí ó bá jẹ́ ojú rẹ̀ nìkan ló dógùn-ún, kí wọ́n họ ọ́ dé ibi tí irin ti mọ́, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà, kí wọ́n tó fi pọ́tì tuntun di dígí. Bí ọ̀bẹ bá wọlé, kí wẹ́dà gé ibẹ̀ nìkan, kó sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Plásítà tó sán kò túmọ̀ sí pé ògiri ti bàjẹ́: ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó ti ara rẹ̀ jáde lọ ní ìlọ́po, òun ló ń ti plásítà síta.

Bí ẹ bá fẹ́ igi, ìrókò tàbí àpá ni kí ẹ béèrè. Arère rọrùn láti gbẹ́, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ikán kò ní jẹ́ kó pẹ́. Ojú ibi tí wọ́n ti gé igi ni omi ń gbà wọ inú rẹ̀ jù, nítorí náà kí wọ́n kun ibẹ̀ lọ́dà kí wọ́n tó gbé e sínú ògiri. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń fo èyí, torí wọ́n mọ̀ pé onílé kò ní rí i.

Ìyá_Àpápá:
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣeun. Lọ́dọ̀ wa ní Àpápá, atẹ́gùn iyọ̀ òkun kì í jẹ́ kí irin pẹ́, alumíníọ̀mù la sì lò. Skúrù irin lásán ni oníṣẹ́ fi kàn án mọ́ ògiri. Kò pẹ́ tí ohun funfun bí iyẹ̀fun fi ń yọ lára alumíníọ̀mù ní gbogbo ibi tí skúrù ti kàn án. Skúrù irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́, kí ẹ sì dúró tì wọ́n. Sìmẹ́ńtì tútù náà máa ń jẹ ojú alumíníọ̀mù, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ya ọ̀rá tó bò ó kúrò títí plásítà yóò fi gbẹ. Ẹ tún wo àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ férémù, níbi tí omi òjò ń gbà jáde. Ọlọ́dà tiwa dí wọn pa, omi sì gba inú ilé.

Ohun kan kù tí wọn kò tíì sọ: òjé, tó jẹ́ májèlé, wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ìgbà yẹn. Kí wọ́n rẹ ojú irin náà pẹ̀lú omi kí wọ́n tó họ ọ́, kí ọmọdé má sì sí nítòsí.

Onílé_Bódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi ọ̀bẹ gún wọn: èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn nìkan ni ọ̀bẹ wọ̀. A ó tún irin pálọ̀ ṣe, a ó sì fi ohun tuntun tó ń gbá awẹ́ mú sí lúfà àwọn yàrá. Yàrá ìyá wa nìkan ló kù, nítorí pé ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀.

Ayàwòrán_Ilé:
Kò yà mí lẹ́nu pé ìlà-oòrùn ló bàjẹ́: ibẹ̀ ni òjò oníjì ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò òjò sábà máa ń gbà wá. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi ìbòrí kékeré sí òkè rẹ̀ bí ti kọnkéré kò bá yọ síta tó. Fún yàrá Màmá, ẹ lo alumíníọ̀mù tí à ń ṣí síta, tó ní rọ́bà yíká etí rẹ̀, torí òun máa ń ṣí tán, ó sì máa ń pa dé pinpin. Níwọ̀n bí irin ààbò àti nẹ́ẹ̀tì yóò ti wà nínú, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí ọwọ́ Màmá lè gbà dé ibi ìmúdání sílẹ̀. Ihò ògiri àtijọ́ kì í sábà gún régé, nítorí náà kí wọ́n wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí wọ́n sì fi èyí tó kéré jù gé férémù.